Bí Ẹ̀rọ Kan Bá Kú Ńkọ́? Ìtàn Ibi Tí Fáìlì Wa Ń Sùn

1/  Tírẹ́ẹ̀dì òní gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé òpin ẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, hard disk kan bọ́ lọ́wọ́ mi lórí àtẹ̀gùn. Ohùn àwọn ìyá aládìrẹ mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi gbà wọ́n sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo ní. Disk yẹn ò jí mọ́ títí dòní.

2/ Mo padà lọ láti tún ohùn wọn gbà. Mẹ́wàá ni mo bá. Wọ́n ní ìyá kan ti papò dà. Àwọn gan-an ni wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè èyíkéyìí.

Àǹtí tó jẹ́ ọmọ wọn gbé àga fún mi, wọ́n tún bu omi fún mi. Mi ò lè la ẹnu sọ pé mo ti gba ohùn màmá yín rí, mo sì ti sọ ọ́ nù. Mo mu omi, mo dìde, mo lọ.

3/ Mo ròyìn fún ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ pé sáfà ló ń tọ́jú níbi iṣẹ́ ẹ̀. Kò tiẹ̀ kọ́kọ́ bá mi kẹ́dùn. Ó ní, "O kó ohùn èèyàn mọ́kànlá lé ẹ̀rọ kan lọ́wọ́, o ò bi ara ẹ pé bí ẹ̀rọ yẹn bá kú ńkọ́?"

Ó dùn mí o. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa ẹ̀ ni mo rí i pé ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn èèyàn ti ń wá ìdáhùn sí i. Ìtàn ìdáhùn wọn ni mo fẹ́ sọ.

4/ Ká kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ yéra wa.

Ohun tí wọ́n ń pè ní cloud yìí, kò sí lójú ọ̀run kankan. Kọ̀ǹpútà ẹlòmíì ni, ó wà nínú ilé, ó ń jẹ iná, ó sì lè bàjẹ́.

Distributed filesystem ni ètò tó ń mú kí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dà bí àpótí kan ṣoṣo lójú ẹni tó ń lò ó. Fódà kan ni ìwọ rí. Lẹ́yìn fódà yẹn, ọgọ́rùn-ún disk lè wà níbẹ̀.

5/ Ìdáhùn àkọ́kọ́: ọdún 1984, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems, ní Kalifóníà.

Ṣáájú ìgbà yẹn, bí fáìlì bá wà lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ, tí èmi náà sì fẹ́ lò ó, lọ́pọ̀ ìgbà, àfi kí n ṣe ẹ̀dà ẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Ká tó wí ká tó fọ̀, fáìlì kan ti di mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tó jẹ́ ojúlówó mọ́.

Sun gbé NFS jáde. Pẹ̀lú NFS, fódà tó wà lórí sáfà á hàn lórí kọ̀ǹpútà tìrẹ bíi pé abẹ́ orùlé ẹ ló ti ń sùn.

6/ Ohun tó dùn mọ́ mi nínú NFS ìgbà yẹn ni pé sáfà ẹ̀ kì í rántí ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìgbà tí o bá béèrè nǹkan, o gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀: fáìlì wo, láti ibo, kí ni kó ṣe sí i.

Ó dà bí ìyá olóúnjẹ tí kì í tàwìn. Bí wọ́n sùn, bí wọ́n jí, kò sí gbèsè ẹnikẹ́ni tí wọ́n lè gbàgbé. Sáfà lè kú, kó jí, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

7/ Àmọ́ títí tó fi máa jí ńkọ́? Gbogbo yín á jókòó, ẹ máa wojú ara yín. Tí disk inú ẹ̀ bá sì bá a lọ pátápátá, ó ti parí nìyẹn, àfi bí ẹnì kan bá ti fi ẹ̀dà pamọ́ síbòmíì.

Nítorí náà, ìdáhùn ọdún 1984 sí ìbéèrè ọ̀rẹ́ mi nìyí: "Bí ẹ̀rọ bá kú? Ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀."

8/ Láàárín ọdún 1980 sí 1989 kan náà, ní Pittsburgh, Yunifásítì Carnegie Mellon àti IBM jọ ń ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Andrew. Andrew Carnegie àti Andrew Mellon, àwọn méjì tí yunifásítì náà ń jẹ́ orúkọ wọn, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ètò fáìlì tó ti ibẹ̀ jáde ń jẹ́ AFS.

Ìṣòro wọn yàtọ̀: ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́. Bí gbogbo wọn bá ń bi sáfà ní ìbéèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kọ, sáfà á dákú ni.

9/ Ohun tí wọ́n ṣe: bí o bá ṣí fáìlì, á wá bá ẹ nílé, sórí disk tìrẹ. Ibẹ̀ ni wàá ti ṣiṣẹ́. Bí o bá tì í, á padà sọ́dọ̀ sáfà. Sáfà á sì ṣèlérí fún ẹ pé bí ẹlòmíì bá yí fáìlì yẹn padà, òun á ké sí ẹ.

Ó dáa gan-an. Àmọ́ bí èèyàn méjì bá jọ ṣí fáìlì kan, iṣẹ́ ẹni tó bá tì í kẹ́yìn ló máa dúró. Èyí èkejì wọgbó. Ojúlówó tí èèyàn ń kọ nǹkan sí náà ṣì wà lórí sáfà kan ṣoṣo.

10/ Ẹ wá jẹ́ ká fò dé ọdún 2003.

Sanjay Ghemawat, Howard Gobioff àti Shun-Tak Leung, òṣìṣẹ́ Google, tẹ ìwé ìwádìí kan jáde nípa Google File System. Kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú ni Google ń lò nígbà yẹn, wọ́n sì pọ̀ lọ súà.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: bí o bá ní ẹ̀rọ kan, ó lè pé ọdún mẹ́ta kó tó bàjẹ́. Bí o bá ní ẹgbẹ̀rún, ojoojúmọ́ ni ọ̀kan á máa kú.

11/ Ibí yìí ni ìrònú ti yí padà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ọ́ gbangba pé kí ẹ̀rọ bàjẹ́ kì í ṣe ìyàlẹ́nu, bí ayé ẹ̀rọ ṣe rí nìyẹn. Má ṣe kọ́lé bíi pé ikú ò ní dé. Kọ́ ọ bíi pé á dé lọ́sàn-án òní.

Wọ́n gé fáìlì sí ègé ègé, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ 64 MB. Wọ́n fi ègé kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ètò náà á fúnra ẹ̀ rí i, á sì ṣe ẹ̀dà tuntun látara àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó máa jí lóru.

12/ Àmọ́ o, ta ló mọ ibi tí ègé kọ̀ọ̀kan wà? Ọ̀gá kan ṣoṣo, wọ́n ń pè é ní master.

Ẹ rántí alájọ àdúgbò yín. Nínú ìwé alájọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ta ló dá, èló ló dá. Master Google ò gbé owó lọ́wọ́ o. Ìwé nìkan ló mú dání: á sọ fún ẹ pé ẹ̀rọ báyìí ló ní ègé báyìí, ìwọ fúnra ẹ á lọ gbà á. Wọ́n ń ṣe ẹ̀dà ìwé yẹn sórí ẹ̀rọ mìíràn. Síbẹ̀, alájọ kan ló ń dáhùn gbogbo ọjà, bí fáìlì bá sì ń pọ̀ sí i, ìwé á kún.

13/ Google tẹ ọgbọ́n náà jáde, kò fún aráyé ní kóòdù ẹ̀. Doug Cutting àti Mike Cafarella ka ìwé yẹn, wọ́n jókòó, wọ́n kọ tiwọn. Ohun tí wọ́n kọ yẹn di Hadoop lọ́dún 2006. Ṣé ẹ mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá? Erin ìṣeré ọmọ Cutting ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé ló sọ erin ẹ̀ lórúkọ, àgbàlagbà fi sọ ẹ̀rọ.

14/ Ọdún 2006 yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Yunifásítì Kalifóníà, ní Santa Cruz. Sage Weil ni orúkọ ẹ̀. Kì í ṣe ẹni tuntun nídìí íntánẹ́ẹ̀tì: ó wà lára àwọn tó dá DreamHost sílẹ̀. Òun àtàwọn olùkọ́ ẹ̀ tẹ ìwé jáde nípa Ceph, iṣẹ́ tó fi gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 2007.

Ìdílé ẹran omi tí octopus wà nínú ẹ̀ ni wọ́n ti yọ orúkọ yẹn, torí ọwọ́ octopus pọ̀, gbogbo ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

15/ Ìbéèrè Weil ni pé: ṣé a tiẹ̀ nílò ìwé alájọ yìí?

Ẹ wo ọjà ọ̀rún-ọ̀rún nílé wa. Ta ló ń lọ láti ilé dé ilé láti kéde pé ọjà á ná lọ́la? Kò sẹ́ni. Gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ tó ná kẹ́yìn, gbogbo èèyàn sì mọ bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìyá tó wà lóko kà á, ìyá tó wà nílé kà á, ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì máa gbé igbá.

16/ Bí CRUSH ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, òun sì ni ẹ̀mí Ceph. O fún un ní orúkọ ègé fáìlì àti àwòrán bí àwọn disk ṣe tò, á ṣírò, á sì dárúkọ àwọn disk tí ègé yẹn wà. Kọ̀ǹpútà tìrẹ ló ń ṣe ìṣirò náà, kò bi ọ̀gá kankan. Ẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà, ìdáhùn kan ni wọ́n máa rí.

Mo ka ibẹ̀, mo pa fóònù dé, mo rìn yí yàrá po. Mi ò mọ̀ pé ìṣirò lè dùn tó báyìí.

17/ Ta ló wá ń tọ́jú àwòrán disk yẹn? Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní monitor. Wọn kì í jẹ́ ẹyọ kan, mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n máa ń jẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta, méjì gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan kí ohunkóhun tó yí padà.

Kí ló dé? Bí wáyà àárín wọn bá já, tí apá kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun ni ìjọba, fáìlì kan á ní ìtàn méjì. Ọba kì í pé méjì láàfin. Ọ̀nà ìfohùnṣọ̀kan tí wọ́n ń lò, Paxos, ọwọ́ Leslie Lamport ló ti wá. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1998, ó sì kọ ọ́ bí ìtàn ilé ìgbìmọ̀ àtijọ́ kan ní erékùṣù Gíríìsì.

18/ Ceph wọ inú Linux lọ́dún 2010. Weil dá ilé-iṣẹ́ Inktank sílẹ̀ lé e lórí lọ́dún 2012, Red Hat rà á lọ́dún 2014 ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 175 dọ́là. Lọ́dún 2019, IBM ra Red Hat fúnra ẹ̀. Ṣé ẹ rántí IBM tó wà ní Pittsburgh níjọ́sí? Ayé yí, ó tún padà síbẹ̀.

Ẹ tún gbọ́ èyí: ètò fáìlì ni Ceph fi bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ apá ètò fáìlì yẹn gan-an, CephFS, ló pẹ́ jù kó tó gbó. Ọdún 2016 ni wọ́n tó kéde pé ó ṣeé gbọ́kàn lé. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Kí wọ́n tọ́jú ègé fáìlì rọrùn. Kí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ máa sọ fódà lórúkọ, kí wọ́n máa gbé e kiri, kí wọ́n máa pa á rẹ́ láìsí ìjà, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

19/ Báwo ló ṣe wá dé inú cloud? NASA àti Rackspace bẹ̀rẹ̀ OpenStack lọ́dún 2010, kóòdù ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè fi dá cloud tiẹ̀ sílẹ̀. Apá tó ń bójú tó fáìlì àjọlò níbẹ̀ ń jẹ́ Manila.

Ìwọ á sọ fún Manila pé, "Fún èmi àti ẹgbẹ́ mi ní 100 GB." Manila á ké sí CephFS tó wà lẹ́yìn ẹ̀. CephFS á gé fódà kan, á fi òdiwọ̀n sí i kó má kọjá 100 GB, á sì ṣe kọ́kọ́rọ́ fún orúkọ tí o bá dá. Ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ò ní wọlé. CERN, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Geneva, wà lára àwọn tó ń lo irú ètò yìí.

20/ Àwọn tí o ò bá fẹ́ kí wọ́n dé inú yàrá ńkọ́? Wọ́n máa ń gbé ẹnu ọ̀nà kan síwájú CephFS fún wọn. Ẹnu ọ̀nà wo? NFS! Arúgbó ọdún 1984 yẹn ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ọdún 2006, ó ń kí àlejò káàbọ̀. Mo fẹ́ràn kiní yìí gan-an.

21/ Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ní ìwé nìkan ò tó, ká gbìyànjú ẹ̀. A kó kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta jọ nínú yàrá ẹ̀ n'Íbàdàn, a ki disk òfìfo bọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti àkọ́kọ́ la gbé Ceph lé, òun ló wá pe àwọn méjì yòókù wọlé. A sọ àwọn disk di tiẹ̀, a ní kó dá ètò fáìlì kan sílẹ̀, a gba kọ́kọ́rọ́, a sì gbé e sórí láptọ́ọ̀pù mi. Fódà kan yọ. Mo fi ohùn àwọn ìyá mẹ́wàá sínú ẹ̀.

22/ Lóru ọjọ́ yẹn, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, ẹ̀rọ kẹta ò bá àwọn yòókù ṣe mọ́. A wá a, a wá a. Bátìrì kékeré tó ń tọ́jú aago inú ẹ̀ ló ti kú! Ọdún 2009 ni òun ṣì wà ní tiẹ̀.

Bí aago àwọn monitor bá fi ju ìṣẹ́jú-àáyá 0.05 lọ síra, ìkìlọ̀ ti dé nìyẹn. Tiwa fi ju ọdún mẹ́wàá lọ. Bátìrì kékeré bíi kọ́ìnì la fi yanjú ẹ̀.

23/ Ìdánwò wá kàn. Mo ń fi fídíò kan wò láti inú fódà yẹn, ọ̀rẹ́ mi fa wáyà iná ẹ̀rọ kan yọ. Fídíò dúró, àyà mi já. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún ń lọ. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé kan ilẹ̀kùn.

Ó fa ìkejì yọ. Gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Ẹyọ kan ló kù, ẹyọ kan ò sì lè fi ara ẹ̀ joyè. Ó yàn láti dákẹ́ dípò kó purọ́. Fáìlì ò sọnù. Ìgbà tí a dá iná padà fún wọn, wọ́n fohùn ṣọ̀kan, wọ́n ń báṣẹ́ lọ.

24/ Mo rò pé ìtàn ti parí. Kò tíì parí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú wa, èmi kọ́ o, pa fódà kan rẹ́ ní àṣìṣe. Kíá, ó lọ lórí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí o bá ní kó ṣe ló máa ṣe, ì báà jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Ọlọ́run ṣe é, fáìlì ìdánwò ló wà níbẹ̀. Ceph lè máa ya bí fódà ṣe rí pamọ́ látìgbàdégbà kí o lè padà síbẹ̀, àmọ́ àwa la ò tíì sọ fún un kó máa yà á.

25/ Mo tún wo yàrá yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ mẹ́ta, tábìlì kan, wáyà iná kan, òrùlé kan. Bí iná bá jó ibẹ̀, tàbí tí olè bá wọlé, ẹ̀dà mélòó ni mo ní?

Ẹ̀dà mẹ́ta tí ewu kan lè pa pọ̀, ẹ̀dà kan ni.

CRUSH mọ èyí. O lè ṣàlàyé fún un pé àwọn ẹ̀rọ báyìí wà nínú yàrá kan, àwọn báyìí ń jẹ iná kan náà, á sì fọ́n ẹ̀dà ká. Àmọ́ kò lè kọ́ yàrá kejì fún ẹ.

26/ Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024? Íntánẹ́ẹ̀tì wa wólẹ̀ lójijì, báǹkì ò ṣiṣẹ́ dáadáa. Wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin ló bàjẹ́ nítòsí Abidjan lọ́jọ́ kan náà. Wáyà mẹ́rin ni o, kì í ṣe ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n jọ gbà kọjá lábẹ́ omi.

Ogójì ọdún ìtàn yìí, ohun tí mo rí kọ́ nínú ẹ̀ ò ju èyí lọ: má bi ara ẹ pé ẹ̀dà mélòó ni mo ní. Bi ara ẹ pé kí ló lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

27/ Ní báyìí, ohùn àwọn ìyá mẹ́wàá wà lórí ẹ̀rọ mẹ́ta wa fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ẹ̀dà kan wà lórí cloud. Disk kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi l'Ábẹ́òkúta, inú àpótí aṣọ wọn. Mo sì fún ìdílé ìyá kọ̀ọ̀kan ní tiwọn.

28/ Mo padà lọ bá Àǹtí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kúnlẹ̀, mo sì sọ òótọ́. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá mú fóònù wọn, wọ́n wá WhatsApp títí, wọ́n rí ohùn kan tí màmá fi ránṣẹ́ sí wọn nípa ẹlú tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n bá wọn rà. Kò pé ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rín ni màmá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Mo bi Àǹtí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ló tún wà yàtọ̀ sí fóònù yìí?" Wọ́n ní, "Ibí nìkan ni." Ojú fóònù yẹn ti fọ́.

A ò tíì kúrò níbẹ̀ tí ohùn yẹn fi wà níbi mẹ́rin.

29/ Tiyín ńkọ́? Ohùn ta ló wà lórí fóònù kan ṣoṣo lọ́wọ́ yín báyìí? Ẹ má dá mi lóhùn níbí o. Ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe ẹ̀dà ẹ̀ ná, kí ẹ fi síbi tí ewu kan ò ti lè bá méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ti ṣe é.

 Ẹ pín in kó lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí disk ẹ̀ ò tíì já bọ́.